Bébà nanotube kábọ́ọ̀nù nínú asẹ́ iná: ibi tó ti yege, ibi tí kò dé

Bébà dúdú fẹ́lẹ́ yìí, tí wọ́n fi nanotube kábọ́ọ̀nù (ọ̀pá kábọ́ọ̀nù oníhò tó kéré gan-an) ṣe, wà fún kapásítọ̀ (ohun tó ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀) inú asẹ́ iná, èyí tó ń mú iná dúró déédéé. Ojúlówó ọjà ni. Iná 50 Hz tó bá gba dáyóòdù mẹ́rin (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) kọjá máa ń fi ìgbì 100 Hz sílẹ̀. Ìgbì yẹn ni kapásítọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Supercapacitor eléèédú (kapásítọ̀ tó ń gba iná púpọ̀) ò yára tó: ihò inú èédú tín-ín-rín, ó sì jìn, áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ní iná lára) ò tètè rọ́nà jáde, ló bá ń ṣe bíi rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́wọ́) lásán. Àárín nanotube kan sí èkejì ṣí sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù ń wọlé, ó ń jáde wéré.

Pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 100 Ω, kapásítọ̀ 160 µF ló ń mú ibi ìgékù (ibi tí asẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìgbì kù) wá sí nǹkan bí 10 Hz, ìgbì 100 Hz á sì kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ má to bébà léra: bó bá ṣe nípọn tó ni ìyára rẹ̀ ń dínkù tó. Ojú ibi tí bébà ti kan irin ló sábà ń bàjẹ́. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ìdènà iná á wọ ibẹ̀, bó bá sì pọ̀, asẹ́ náà ò ní sẹ́ ìgbì dáadáa mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gírígírí.

Tó bá jẹ́ pé omi ni áyọ́ọ̀nù inú kapásítọ̀ wà, sẹ́ẹ̀lì (kapásítọ̀ ẹyọ) kan ò gbọdọ̀ ju 1 V lọ, kí omi má baà di gáàsì. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí a tò tẹ̀lé ara wọn fún 5 V á sọ 160 µF di nǹkan bí 27 µF. Fún 12 V, kapásítọ̀ alumíníọ̀mù ṣì ni kí ẹ rà.

Ẹ fi ọtí sípírítì rin bébà kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì wọ ìbòmú: eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró gan-an.