Ìgbẹ́ fún Ìwádìí Bakitéríà Inú Ìfun: Ethanol ni àbí Fíríìsà −80°C?

Tí ìgbẹ́ bá wà nínú ike lásán nínú ooru, bakitéríà bíi E. coli á máa pọ̀ sí i, àwọn tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ á máa kú. Ohun tí ẹ máa kà nígbà náà kì í ṣe ohun tó wà nínú ìfun mọ́.

Fíríìsà −80°C ni ọ̀gá, pàápàá fún ẹni tó tún fẹ́ wọn àwọn kẹ́míkà inú ìgbẹ́. Ẹ pín in sínú ike kéékèèké kí ó tó dì, torí pé bí ó bá ń yọ́ tó tún ń dì, ara bakitéríà á fọ́, DNA (èròjà àbùdá tí a fi ń dá bakitéríà mọ̀) á sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Láìsí jẹnẹrétọ̀ tó ń gbè é lẹ́yìn, owó òfò ni.

Ethanol, ìyẹn ọtí láàbù, ò bèèrè iná. Ẹ bu ìgbẹ́ gíráàmù 1 sínú mílílítà 4 tàbí 5 ethanol 95%, ẹ fi ṣíbí ike tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí kókó mọ́. Inú kókó tí ọtí ò dé ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo 70%: omi inú ìgbẹ́ á tún là á. Ẹ dé e pinpin. Kí ẹ tó yọ DNA, ẹ fi centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí ike kíákíá kí ohun tó wúwo lè lọ sísàlẹ̀) yí i, ẹ da ọtí nù, kí ìyókù ọtí gbẹ, torí ó máa ń dí PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀) lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ bakitéríà inú ethanol ti kú, nítorí náà kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ gbìn wọ́n, ìyẹn kí wọ́n máa dàgbà láàyè nínú láàbù. Ọkọ̀ òfuurufú náà kà á sí ẹrù tó lè gbiná. Síbẹ̀, fún abúlé tó jìnnà sí láàbù, òun la máa mú.