Mo fi QEMU dán kóòdù mi wò lórí big-endian: ohun tí ojú mi rí

Ohun kan ṣoṣo ni mo torí ẹ̀ gbé QEMU, ètò tó ń ṣe bíi prósẹ́sọ̀ mìíràn, wọlé: mo fẹ́ mọ̀ bóyá kóòdù C mi á ṣiṣẹ́ lórí prósẹ́sọ̀ big-endian, ìyẹn èyí tó ń fi báìtì tó tóbi jù nínú nọ́ńbà ṣíwájú. Mi ò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Little-endian, tó ń fi báìtì tó kéré jù ṣíwájú, ni prósẹ́sọ̀ x86 tí mo ń lò, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń lo ARM inú fóònù. Àwọn Mac PowerPC tó jẹ́ big-endian, Apple fi Intel rọ́pò wọn ní 2006. s390x, ìyẹn mainframe IBM, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ téèyàn ń gbé sórí tábìlì.

Kò le rárá. Mo fi s390x-linux-gnu-gcc, ìyẹn GCC tó ń sọ kóòdù C di èdè ẹ̀rọ s390x, kọ́ ètò náà pẹ̀lú -static kí gbogbo ohun tó nílò lè wà nínú ẹ̀, mo tẹ qemu-s390x, mo fi orúkọ ètò náà tẹ̀lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Linux mi níbẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi wó. Fáìlì tí mo fún un gbé gígùn ọ̀rọ̀ kan, 258, sínú báìtì mẹ́rin tó tò báyìí: 02 01 00 00. Lójú x86, báìtì àkọ́kọ́ ló kéré jù, 258 ló sì rí. Lójú s390x, báìtì àkọ́kọ́ yẹn kan náà ló tóbi jù, ló bá ka 33,619,968! Memcpy, tó kàn ń da báìtì kọ bó ṣe tò, ni mo fi kó báìtì náà sínú uint32_t, ìyẹn nọ́ńbà oníbáìtì mẹ́rin. Ó ti pẹ́ tí kóòdù yẹn ti ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí ẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Mi ò fi #ifdef, tó ń ya kóòdù sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tún un ṣe. Ṣe ni mo ń mú báìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ ọ́ di uint32_t, mo fi << 8, << 16 àti << 24 sún un sí àyè rẹ̀, mo sì fi | so wọ́n pọ̀. Bí fáìlì ṣe tò nìkan ni kóòdù náà ń wò báyìí, kò kàn án irú ẹ̀rọ tó wà lórí ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé á falẹ̀, GCC àti Clang òde òní mọ irú ìlà yìí, wọ́n á sì sọ ọ́ di kíkà ẹ̀ẹ̀kan.

QEMU fúnra ẹ̀ ló falẹ̀. Àyẹ̀wò tó ń parí kíá lórí x86 ń gba sùúrù níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń wá àṣìṣe tó jẹ mọ́ bí thread (apá ètò tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọn míì) ṣe ń rí ohun tí thread mìíràn kọ sí mẹ́mórì, ẹ má gbọ́kàn lé e, torí prósẹ́sọ̀ yín gan-an ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Àmọ́ mo fẹ́ràn àṣẹ -g 1234 tí QEMU ní: gdb-multiarch, ètò tí wọ́n fi ń wo inú ètò tó ń ṣiṣẹ́, so mọ́ ọn, mo sì fi ojú ara mi rí báìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú mẹ́mórì.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa lò ó, ẹ má jẹ́ kí ètò kan náà kọ fáìlì kó tún fúnra ẹ̀ kà á. Irú àyẹ̀wò tí mo ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó sì yege lórí s390x pẹ̀lú àṣìṣe yẹn nínú ẹ̀, torí bó ṣe kọ báìtì náà ló ṣe kà á. Fáìlì tí mo kọ lórí x86 tí mo gbé fún un ló tú àṣírí.