Gáùn ìyàwó l'Ìkòròdú: ká yá a, ká rà á, àbí ká rán an?

Àbúrò mi, ọjọ́ kan péré ni gáùn funfun yìí máa lò lára rẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ ń sọ nìyẹn fún ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kí n tó fa téèpù yọ.

Yíyá ló dẹrùn jù fún àpò, o kò sì ní sọdá Mile 12 kí o tó rí i yá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ara ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ rán an sí. Béèrè bóyá wọ́n máa jẹ́ kí télọ̀ rẹ fún un mọ́ ọ lára; àwọn kan kì í gbà kí abẹ́rẹ́ kàn án. Béèrè iye owó ìdógò, àti ẹni tó máa fọ̀ ọ́ bí ẹrẹ̀ bá ta sí i. Ẹrẹ̀ pupa àdúgbò wa nígbà òjò kì í tètè kúrò lára nẹ́ẹ̀tì funfun. Ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí o tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Tó bá jẹ́ rírà lo fẹ́, wọkọ̀ ojú omi ní Èbúté, kí o lọ wọ̀ ọ́ wò ní Balógun. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Gbé e sí oòrùn, kí o wo abíyá rẹ̀ dáadáa, torí òógùn ibẹ̀ ló ń sọ sátíìnì di pípọ́n. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, má tẹ̀ lé nọ́ńbà ara rẹ̀: sáìsì gáùn ìyàwó òkè òkun sábà máa ń kéré ju ti aṣọ òde lásán lọ. Ínǹṣì àyà àti ìbàdí ni kí o béèrè.

Rírán ló máa bá ara rẹ mu jù. Fún télọ̀ ní oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní kó fi èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán hàn ọ́, kí o yí inú rẹ̀ síta. Bí inú bá rí jágajàga, dìde.

Èyí tó wù kí o mú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Síìpù ń jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ́jú, àmọ́ bí o bá sanra díẹ̀ lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó, kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Okùn tí wọ́n ń fà pọ̀ lẹ́yìn dípò síìpù máa ń fún ọ láàyè ínǹṣì bíi méjì. Ojú mi ló ṣe n'Ígbógbò: ìyàwó ti wọṣọ tán, mọ́tò ti dúró níta, síìpù bá lanu láti ìbàdí dé òkè. Mo tú u dànù, mo rán ojú okùn 16 sí i, mẹ́jọ lọ́tùn-ún, mẹ́jọ lósì, mo sì fi rìbọ́ǹnì fà á pọ̀ bí ẹni ń di bàtà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ kí àtíkè ojú rẹ̀ má bàa ṣàn. Láti ọjọ́ náà, okùn ni mò ń bá gbogbo ìyàwó yàn.

Ìmọ̀ràn tèmi: yá funfun, kí o kó owó tó kù sórí aṣọ òkè ìdána. Ẹ̀yìn ìgbà tí Ọbabìnrin Victoria wọ funfun ṣègbéyàwó ní 1840 ni gáùn funfun gbilẹ̀. Àwa ti ní aṣọ òkè sányán tiwa. Okùn tí kòkòrò inú igbó ń ta ni wọ́n fi ń hun ojúlówó rẹ̀, ó wọ́n, ó sì wúwo. Tí owó kò bá ká a, àlàárì pupa tàbí ẹtù aláró tí wọ́n fi òwú hun kò burú rárá. Ìborùn rẹ̀ ni wàá fi pọn ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ.