Ẹ ṣọ́ra fún alternator "150A" tí wọ́n ń lẹ bébà mọ́ fún ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Hiace oní-dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin oníbọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ kí AC àti ẹ̀rọ orin jọ ṣiṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ kó ẹja dídì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó. Alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná fún ọkọ̀ àti bátìrì) tòkunbọ̀ kan ń káàkiri báyìí tí wọ́n lẹ bébà fàdákà mọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n kọ "14V 150A" sí. A yẹn ni áńpì, ìwọ̀n iná tó lè gbé jáde. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ju 60A tàbí 70A lọ. Owó ti 150A ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀, bó bá sì jó tán, orí rẹwáyà yín ni wọ́n á di ẹ̀bi rù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fi bẹntiróòlù fọ alternator àlòkù, wọ́n á fín ọ̀dà fàdákà sí i lára, wọ́n á ṣí bébà ilé iṣẹ́ kúrò, wọ́n á lẹ tiwọn mọ́ ọn. Ẹ fi èékánná ká etí bébà náà sókè díẹ̀. Bí ọ̀dà tuntun bá wà lábẹ́ ẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ́ ló lẹ̀ ẹ́, nítorí àlùmínọ́ọ̀mù lásán ni ara alternator Denso tàbí Bosch sábà máa ń jẹ́. Ẹ wo inú ihò etí tí bóòtù ń gbà kọjá pẹ̀lú. Ó yẹ kí bóòtù ti ha ibẹ̀ dán. Tí ọ̀dà bá wọnú ihò náà, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn tí wọ́n tú u lára ọkọ̀ ni wọ́n kùn ún.

Ẹ wá nọ́ńbà páàtì rẹ̀. Ti Toyota máa ń fi 27060 bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ti Bosch sì ń fi 0 124 bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù níwájú ọlọ́jà kí ẹ wo iye áńpì tó jẹ́. Èyí tí wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, ẹ dá a padà sórí tábìlì.

Tábìlì ìdánwò gan-an ni jìbìtì yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Ọlọ́jà á fi mọ́tò yí alternator, á fi mítà sí i, á hàn ní 14.2. "Ẹ ò rí i? Ó ń ṣiṣẹ́." Fóltì nìyẹn o, kì í ṣe áńpì. Alternator 40A náà á fi 14.2 hàn nígbà tí kò sí ẹrù kankan (ohun tó ń lo iná) lórí ẹ̀. Ohun tó ń fi áńpì hàn ni clamp meter tó ń ka iná DC (irú iná bátìrì), tí ẹ fi gbá wáyà B+ (èyí tó ń gbé iná lọ sí bátìrì) mú nígbà tí ẹrù wà lórí ẹ̀. Ẹ yẹ clamp meter yín wò kí ẹ tó gbé e jáde, torí ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ń ka iná AC (irú iná NEPA) nìkan.

Bébà òtítọ́ sábà máa ń ní nọ́ńbà méjì, bíi 14V 70/120A. Àkọ́kọ́ ni ohun tí alternator ń mú wá nígbà tí ẹ́ńjìnì ń rọra ṣiṣẹ́ lójú kan, tí alternator fúnra rẹ̀ ń yí bíi 1,500 sí 1,800 ní ìṣẹ́jú kan. Ìkejì jẹ́ ti ìyípo 6,000. Ẹ̀yin oní-dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ẹ́ńjìnì yín kì í sáré bíi ti bẹntiróòlù. Ẹ fi téèpù wọn púlì méjèèjì. Bí ti crankshaft (ọ̀pá tí ẹ́ńjìnì ń yí) bá jẹ́ 150mm, tí ti alternator jẹ́ 60mm, ìlọ́po 2.5 nìyẹn: bí ẹ́ńjìnì bá wà ní 700, alternator á wà ní 1,750. Bí ọlọ́jà bá wá fi púlì 75mm sí i, 1,400 péré ló máa yí, iná bátìrì á sì máa ṣẹ́jú nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà stator (èyí tí wọ́n wé sí apá tí kì í yí) díẹ̀ níbi tó ti yọrí síta: bàbà á pọ́n, àlùmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi fánìṣì pa láró á funfun. Ẹ fi mítà wọn ohm láàárín òrùka méjèèjì tí carbon brush (èédú kékeré tó ń gbé iná wọlé) ń tẹ̀ lé. Fún 12V, 2 sí 5 ohm ló dára. Carbon brush tí kò tó 5mm mọ́ ti tán.

Èyí tó lè pa èèyàn nìyí. Hiace oní-ẹ́ńjìnì 2L, 3L àti 5L ní fákúùmù pọ́ǹpù (pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́) lẹ́yìn alternator, tí páìpù ọ́ìlì wọ̀ ọ́. Òun ló ń fún búréèkì lágbára, nítorí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kì í fa afẹ́fẹ́ lọ́nà tí ti bẹntiróòlù gbà ń fà á. Àwọn kan ń ta alternator ọkọ̀ bẹntiróòlù tí kò ní pọ́ǹpù yìí, wọ́n á ní kí ẹ dí ihò ọ́ìlì, pé kò sí nǹkan tó máa ṣe. Nǹkan wà tó máa ṣe! Pẹ́dàlì búréèkì á le bí òkúta, ẹ ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lórí ìdagẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró bó ṣe yẹ. Ẹ má gbà á, kódà kí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ.

Bó bá wá jẹ́ pé ojúlówó lẹ rí rà, ẹ dè é dáadáa kí ọlọ́jà má baà rí ibi sá sí. Alternator 150A ń gbé 2,100W jáde, ohun tó sì ń béèrè lọ́wọ́ bẹ́líìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn, nǹkan bí agbára ẹṣin márùn-ún. Bẹ́líìtì V kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní 10mm kò lè gbé ju bíi 80A lọ. Ẹ lo méjì, tàbí bẹ́líìtì onílà púpọ̀.

Ní ti títò púlì, ẹ má fi rúlà lé ojú ìta rẹ̀ nìkan, nítorí etí púlì méjì kì í nípọn bákan náà. Ẹ fi ọ̀pá irin tó tọ́ gbọnrangandan sínú ihò púlì crankshaft, kí ẹ wò ó bóyá ó bọ́ sínú ti alternator láìtẹ̀. Bó bá fi 1mm yà, ó ṣì dára. Bó bá kọjá 2mm, ẹ tún un ṣe: ẹ lọ búṣì tó wọ àlàfo náà géérégé. Wáṣà mẹ́rin tí wọ́n tò jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni bóòtù á fún mọ́ra tí etí alternator á fi ya. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín bẹ́líìtì V. Bí àlàfo púlì bá jẹ́ nǹkan bí 30cm, kó wọlé bíi 10mm. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún un fún. Ìyẹ̀fun dúdú tó bá ń dà sára ẹ́ńjìnì ń sọ fún yín pé púlì ò tò. Bí ìsàlẹ̀ ihò púlì bá ń dán, bẹ́líìtì ti jẹ tán, ìsàlẹ̀ ló ń tẹ̀ dípò ẹ̀gbẹ́.

Wáyà B+ àtijọ́ kò ní gbà á. 25mm² fún nǹkan bíi mítà méjì, fíúsì tó bá a mu, àti wáyà ilẹ̀ tó nípọn bákan náà láti ẹ́ńjìnì sí bátìrì.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣe ìdánwò tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn rẹ̀. Ẹ so inverter 2,000W mọ́ bátìrì, kí ẹ tan hot plate 1,000W. Nǹkan bí 90A nìyẹn ń fà. Ẹ di ẹ́ńjìnì mú sí ìyípo 2,000 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí alternator tó bá gbóná ni agbára rẹ̀ ń hàn. Ojúlówó 150A kò ní jẹ́ kí bátìrì sọ̀kalẹ̀ kọjá 13.5. Èyí tó jẹ́ 70 á máa yá lọ́wọ́ bátìrì, fóltì á máa wálẹ̀ títí á fi kọjá 12.6.

Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé òun á gbà á padà láàárín ọjọ́ méje bí kò bá gbé 90A. Ẹni tó bá ní "testing parí síbí" ti dá yín lóhùn ná. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ ṣe ìdánwò hot plate yìí lónìí, kí ẹ ya fídíò tí clamp meter, bébà "150A" àti rìsíìtì jọ hàn nínú ẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá a kí ọjọ́ tó pé. Bó bá kọ̀, fídíò yẹn gan-an ni kí ẹ gbé lọ sí FCCPC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà), tàbí LASCOPA (irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó) fún àwọn tó wà l'Ékòó.