Ọmọlanke Ẹ̀yìn Ọ̀kadà: Àpótí Rẹ̀ Dára, Ojú Ìsopọ̀ Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Lọ́dọ̀ wa níbí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ilé-iṣẹ́ tó fi orúkọ ara rẹ̀ lé ọmọlanke tí ọ̀kadà ń fà. Wẹ́dà àdúgbò ló ń jó o, bí ọwọ́ wẹ́dà kan bá sì ṣe mọ̀ ọ́n ni tirẹ̀ ṣe máa rí. Èyí tí a yẹ̀ wò níbí ni èyí tí àpótí ẹrù rẹ̀ gùn ní 120 cm, tó fẹ̀ ní 90 cm, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga tó 30 cm. Ó ní táyà méjì, ọ̀pá ìfà kan níwájú, Bajaj Boxer tàbí TVS ló sì ń wọ́ ọ lọ sóko tàbí sọ́jà. Ká má fọ̀rọ̀ gùn: àpótí ẹrù rẹ̀ kì í sábà ní àléébù. Ibi tí ọ̀pá ìfà ti pàdé ọ̀kadà ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà sì ni wẹ́dà máa ń rántí kẹ́yìn.

Ọ̀kadà kì í ṣe mọ́tò. Tí mọ́tò bá fẹ́ yà, ó dúró ṣánṣán, àmọ́ ọ̀kadà a máa fẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ojú ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ lè gbà yí: sọ́tùn-ún sósì ní kọ́nà, sókè sódò lórí gegele, kó sì tún lè yí bíi kọ́kọ́rọ́ nínú ihò nígbà tí ọ̀kadà bá tẹ̀ tí ọmọlanke sì dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ń ṣe ni kí wọ́n fi bóòtù kan, èyí tí sípánà 17 ń tú, gún irin pẹlẹbẹ méjì pọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìyẹn ń yí, sọ́tùn-ún sósì nìkan. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá tẹ̀, irin pẹlẹbẹ náà ló ń jìyà rẹ̀. Á kọ́kọ́ tẹ̀, ihò bóòtù á gbòòrò di ẹyin, bóòtù á wá já lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ohun tí a fara mọ́ ni kúrọ́ọ̀sì ìdí pùròpẹ́là ọkọ̀ (irin bí àgbélébùú tó ń jẹ́ kí ọ̀pá pùròpẹ́là lè tẹ̀ bó ṣe ń yí), tòkunbọ̀ tó ṣì le. Ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ọjà Aráròmí ní Agodi Gate, n'Íbàdàn, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ dì í mú, kí ẹ mì í: tí ẹ bá gbọ́ kó-kó-kó, abẹ́rẹ́ bíárìn inú rẹ̀ ti jẹ, ẹ fi sílẹ̀. Kúrọ́ọ̀sì yìí máa ń yí lọ́nà méjì. Ọ̀nà kẹta, ọ̀pá nínú páìpù ló ń ṣe é: ọ̀pá irin olódidi 25 mm nínú páìpù tó gbà á láìfi ààyè púpọ̀ sílẹ̀, kí páìpù náà gùn tó 15 cm, kí wáṣà wà lójú méjèèjì, kí nọ́ọ̀tì tó dé e lẹ́yìn sì ní píìnì tí kò ní jẹ́ kó tú. Ẹ ní kí wọ́n dá ihò gírísì sí i. Pẹ̀lú èyí, tí ọ̀kadà bá tiẹ̀ ṣubú pátápátá, ọmọlanke á ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ìfà 50 mm tí wọ́n ń fi sídìí mọ́tò náà ń yí lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ìtẹ̀ tó lè gbà níwọ̀n. Tí ọ̀kadà bá ṣubú, yálà kí ẹnu ìkọ́ rẹ̀ ya tàbí kí ọmọlanke tẹ̀ lé e.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ káríà. Bóòtù káríà kéré, ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Apá irin méjì ni kó wá láti ibi bóòtù òkè ṣọ́kì, méjì míì láti ibi bóòtù ìtẹ́sẹ̀ ẹni ẹ̀yìn, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé lẹ́yìn táyà. Kí wẹ́dà tó jó o pa, kí ènìyàn méjì jókòó sórí ọ̀kadà náà kí wọ́n sì jó sókè sódò. Táyà ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ kan irin yẹn níbìkan. Bí ojú ìsopọ̀ bá ṣe jìnnà sẹ́yìn tó ni táyà iwájú á ṣe fúyẹ́ tó, nítorí náà kó má ju ìwọ̀n tí táyà nílò láti lè yí lọ. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, kí ṣéènì méjì wà tó kọjá lórí ara wọn. Tí ojú ìsopọ̀ bá já, orí wọn ni ọ̀pá ìfà á balẹ̀ sí, kò ní gún ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ọ̀pá táyà wà ló tẹ̀ lé e. Wẹ́dà á fẹ́ fi í sí àárín àpótí gan-an, torí ó dára lójú. Kò dára lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ọmọlanke àti ẹrù rẹ̀ wà lórí ojú ìsopọ̀. Ká ní ọ̀pá ìfà gùn ní 90 cm kó tó dé àpótí. Láti ojú ìsopọ̀ dé àárín àpótí á jẹ́ 150 cm. Tí ọ̀pá táyà bá wà ní 17 cm lẹ́yìn àárín náà, ẹrù tí ẹ tò dọ́gba á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ tẹ ọ̀kadà. Ní 8 cm, ìdá kan nínú ogún ni. Ní àárín gan-an, òfo ni, tí ẹrù bá sì sún sẹ́yìn díẹ̀, ọmọlanke á máa gbé ìdí ọ̀kadà sókè. Ìgbà yẹn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jùrù: ẹ̀yìn á lọ sọ́tùn-ún, á lọ sósì, ìdí ọ̀kadà á tẹ̀ lé e. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ rọra jọ̀wọ́ iná, ẹ di hándù mú gírígírí, ẹ má tẹ bíréèkì iwájú lójijì, ẹ má sì sáré pé ẹ ó fi eré nà án.

Àpẹẹrẹ kan tó máa ń ya àwọn káfíńtà lẹ́nu: pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 kò ṣeé kó sínú ọmọlanke yìí rárá. Àárín pákó náà wà ní 183 cm sí orí rẹ̀, ọ̀pá táyà sì wà ní 167 cm sí ojú ìsopọ̀. Bí ẹ tilẹ̀ ti orí pákó kan ojú ìsopọ̀, àárín rẹ̀ á ṣì wà lẹ́yìn táyà. Ẹ gé e sí méjì tàbí kí ẹ pe ọkọ̀.

Lófo, ọmọlanke yìí wọ̀n tó 60 kg tí wọ́n bá fi angle iron 40 mm, páànù 2 mm àti ọ̀pá ìfà onígun mẹ́rin 50 mm ṣe é. Páànù 1 mm wọ̀n 7.85 kg ní mítà kan lórí mítà kan, nítorí náà ilẹ̀ àpótí nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 17 kg. Àwọn kan rò pé tí wọ́n bá fi pákó ṣe ilẹ̀ rẹ̀, á fúyẹ́. Pákó tó nípọn ní íǹṣì kan kò fúyẹ́ ju páànù yẹn lọ. Pílíwúùdù 12 mm ló ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí ìdajì, àmọ́ ẹ kun ún ní ọ̀dà tẹ̀yìn-tinú, pàápàá ojú ibi tí wọ́n gé, kí omi má wọ̀ ọ́. Angle iron olódidi kan, èyí tó gùn ní mítà mẹ́fà, tó fún férémù ìsàlẹ̀ pẹ̀lú igi ìdábùú méjì. Nínú páànù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lórí mẹ́jọ, ilẹ̀ àpótí méjì ló ń jáde, á sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó dúnàá-dúrà.

Ní ti táyà, ẹ yàgò fún táyà bárò. Kò ní bíárìn gidi, eré ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọ̀kadà bá fi 30 km sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ihò àárín rẹ̀ á gbóná, á jẹ, táyà á wá máa jó. Táyà kẹ̀kẹ́ Marwa, 4.00-8, pẹ̀lú họ́ọ̀bù àti bíárìn rẹ̀ ni ká lò. Ó wà níbi gbogbo tí kẹ̀kẹ́ bá wà, fọkanáísà kankan kò sì ní béèrè pé kí lèyí. Àwọn kan ń lo rọ́ọ̀mù ọ̀kadà 17 kí wọ́n lè máa pín túùbù lò pẹ̀lú ọ̀kadà. Ọgbọ́n ni, tó sì ń gun kòtò dáadáa, àmọ́ sípóòkù kò fẹ́ràn kí ẹrù máa tì í láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọlanke òfo ló máa ń fò jù lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, torí kò ní ṣọ́kì. Tí ẹ bá ń darí bọ̀ láìru nǹkan, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù tàbí kí ẹ rọra.

Bíréèkì kò sí lára ọmọlanke, ibí yìí la ti fẹ́ kí àwọn tó ń rà á ronú jinlẹ̀. Ọ̀kadà 120 kg àti ẹni 70 kg tó gùn ún jẹ́ 190 kg. Ọmọlanke 60 kg tó ru kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 25 mẹ́rin jẹ́ 160 kg. Àpapọ̀ rẹ̀ di 350 kg, bíréèkì ọ̀kadà nìkan ló sì máa dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ibi tí ẹ ti ń dúró láàárín mítà 10 tẹ́lẹ̀, ẹ fún un ní mítà 20. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ti wọ jíà kejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ má fi sí fíríì nítorí epo. Tí ọ̀kadà bá wà ní fíríì, ọmọlanke ló ń ti yín. Tí ẹ bá wá tẹ bíréèkì ní kọ́nà, ẹ̀yìn á fẹ́ yọ síwájú, ọ̀kadà àti ọmọlanke á ká bíi ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ.

Ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, òfin sọ pé ọ̀kadà tó bá máa fa ọmọlanke gbọ́dọ̀ ní ẹ́ńjìnì tó ju 125 cc lọ, kí ọmọlanke má fẹ̀ ju mítà kan lọ, kí ìdí rẹ̀ má sì ju 2.5 m lọ sí ọ̀pá táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò gbọdọ̀ ju 150 kg tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ọ̀kadà lọ, èyí tó bá kéré jù. Ẹ wo Boxer 150 nínú òfin yìí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 144.8 cc, ó yege níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta 120 kg jẹ́ 80 kg, ọmọlanke òfo ti gba 60, ó ku 20 kg fún ẹrù. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sá eré gidi ni wọ́n ro òfin yẹn fún, ọ̀nà oko kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé 100 kg ẹrù ni kí Boxer mọ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ní eré tí kò ju 30 km ní wákàtí lọ, kó dín kù níbi òkè, kó má sì gun títì márosẹ̀ rárá. Ẹni tó ń kó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà, 300 kg, kì í ṣe ọmọlanke ló ń dán wò.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún oníbàárà ni ti ipa táyà mọ́tò lójú ọ̀nà oko. Inú ipa kan ni ọlọ́kadà ń gbà lọ. Bí ọmọlanke bá wà lẹ́yìn, táyà rẹ̀ kan á gun orí koríko àárín, èkejì á wọ inú igbó etí ọ̀nà, àpótí á sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí koríko àárín yẹn gan-an ni kí ọ̀kadà gbà. Tó bá sì jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín ebè méjì, ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò wúlò, á dojú dé. Ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ kan wà fún ìyẹn. Ojú ìsopọ̀ tirẹ̀ kì í yí bíi kọ́kọ́rọ́, torí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kadà, kò sì lè ru tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kadà náà á san owó tirẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ń lọ, torí bí wọ́n ṣe ń fà á jẹ́jẹ́ lórí òkè. Ẹ pààrọ̀ sprocket ẹ̀yìn sí èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀ sí i: eré rẹ̀ á dín kù, àmọ́ kò ní máa jẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ṣéènì á máa gùn kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì Boxer lára, nítorí náà lẹ́yìn òkè gígùn, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì ṣáájú àkókò tí ẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò dára jù? Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹ ń kó ẹrù tó ju 150 kg lọ, bẹ́ẹ̀ ni, ó ní bíréèkì tirẹ̀ lẹ́yìn. Àǹfààní ọmọlanke ni pé ẹ lè tú u sílẹ̀ kí ẹ sì máa fi ọ̀kadà yín lọ bó ti wà. Àgbẹ̀ tó ń kó gbágùúdá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹni tó ń ta omi, ẹni tó ń kó oúnjẹ adìẹ, àwọn ló bá mu. Kò bá Èkó mu. Ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà lọ́dún 2022, bí Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Àpápá, kò tiẹ̀ sí ọ̀kadà tí òfin gbà láàyè láti fà á.

Kí ẹ tó sanwó, kí wẹ́dà tó kun ún ni kí ẹ wá wò ó, torí ọ̀dà máa ń bo iṣẹ́ burúkú. Ẹ wo ibi tí ọ̀pá ìfà ti wọ àpótí: apá irin méjì ni kó ya sí bíi V, ọ̀pá kan ṣoṣo á sán níbẹ̀. Páìpù tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹlẹ́tíróòdù gauge 12 ni kó fi jó o. Gauge 10, tó nípọn ju ìyẹn lọ, á lu ihò sí i, á sì fi ìdọ̀tí iná dí i pa. Ẹ fi hámà kan ojú ìjó náà; tí èéfọ́ dúdú bá ń bọ́, tí ihò kéékèèké sì wà lábẹ́ rẹ̀, kó tún un jó lójú yín.