Ẹ̀yà tó ń paradà: kó di ẹranko pátápátá, àbí kó yí díẹ̀?

Lọ́dọ̀ wa ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, ìbéèrè yìí kì í tán nílẹ̀ bẹ́nì kan bá fẹ́ ṣẹ̀dá ẹ̀yà tuntun, ìyẹn irú ẹ̀dá téèyàn lè jẹ́, fún géèmù ìtàn orí tábìlì, níbi tí kálukú ti ń jẹ́ ẹnì kan nínú ìtàn, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ká ní ó di ẹranko pátápátá, bí obìnrin àgbọ̀nrín inú àlọ́: ó bọ́ awọ, ó fi í pamọ́ sínú àká, ó gba ọjà Kútọ̀ lọ bí èèyàn. Adùn rẹ̀ pọ̀. Ọdẹ tó bá rí awọ yẹn jí ti di ọ̀gá rẹ̀, ìtàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ti délẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà ńbẹ̀. Àgbọ̀nrín ò lè sọ̀rọ̀, kò lè di idà mú, ìwé agbára méjì lo sì máa kọ, ọ̀kan fún èèyàn, ọ̀kan fún ẹranko. Nínú òfin géèmù Dungeons & Dragons ti 2014, druid (onídán inú igbó) tó di ẹranko ń lo ẹ̀mí ẹranko náà, ìyẹn iye ìyà tó lè fara gbà; bó bá tán, á padà di ara rẹ̀, ìyà tó ṣẹ́ kù á sì bá a débẹ̀. Ẹni tuntun á ṣì í ṣírò.

Èyí tó yí díẹ̀ rọrùn: èékánná yọ, imú ń gbóòórùn ọ̀tá, ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ ni ẹ̀yà Shifter inú Eberron, ayé ìtàn kan fún géèmù yẹn kan náà, tó jáde ní 2004. Ìwé kan ti tó. Àfi pé kì í pẹ́ di èèyàn lásán tó nírun lára. Èmi ò fẹ́ràn ìyẹn rárá.

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, tẹ́ ẹ sì ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, awọ ni kẹ́ ẹ mú. Bẹ́ ẹ bá pọ̀, táwọn kan ò tíì ju dáìsì rí, èékánná ló máa jẹ́ kí eré yá.