Plugin tó sọ Ọba di "á»Œba" dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́ Ojúde Ọba ku ọ̀la

Èmi kì í kọ nǹkan báyìí o, àmọ́ ohun tójú mi rí lálẹ́ ọjọ́ kejì Iléyá, tí mi ò bá sọ ọ́ síta á máa dùn mí nínú ni.

Server kékeré kan fún géèmù Minecraft, ibi táwọn èèyàn ti ń pàdé ṣeré, ni mo ní, inú ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló wà, lórí laptop Windows kan tí kọ́sítọ́mà gbé wá tí ò padà wá gbà mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ṣeré níbẹ̀, àwọn ọmọ bùọ̀dá mi ní London náà ń wọlé. Wọ́n ní àwọn á ṣe Ojúde Ọba nínú géèmù, wọ́n kọ́ àgọ́ Ọba, wọ́n pín ara wọn sí rẹgbẹ́rẹgbẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tiẹ̀ ní ìdílé Balógun lòun ti wá (irọ́ ni, Ṣàgámù ni bàbá ẹ̀ ti wá), ó ti so ẹṣin méje mọ́lẹ̀ dè wọ́n. Iṣẹ́ tèmi ò ju kí ìkéde máa jáde nínú chat ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá pé Ojúde Ọba di ọ̀la, kálukú mú ẹṣin ẹ̀ dání. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra plugin yìí (ohun èlò kékeré tí wọ́n ń fi kún server), dọ́là mẹ́jọ, ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà fúnra yín.

Fífi í sí i ò le rárá, mo ti ń yìn àwọn tó ṣe é lọ́kàn mi. Àfi bí ìkéde àkọ́kọ́ ṣe jáde: "OjÃºde á»Œba".

Ìyá mi tó gbé ẹran Iléyá wá fún mi bẹjú wo kọ̀ǹpútà, ó ní ṣé Lárúbáwá ni mò ń kọ ni. Àwọn ọmọ ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ní kó máa fi sílẹ̀, ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdù ló ń fi sílẹ̀! Mo kọ 600, mo rò pé sẹ́kọ́ńdù ni, àṣé tick, ìwọ̀n àkókò inú géèmù, ni wọ́n fi ń kà á, 20 tick ló sì wà nínú sẹ́kọ́ńdù kan, 12000 ló yẹ kí n kọ, kò sì sí ibi kankan nínú fáìlì wọn tí wọ́n ti sọ ọ́. Mo yí i, mo tẹ reload (kó lè tún fáìlì kà láìpa server), mo tún yí i, mo tún tẹ reload, àṣé gbogbo reload tí mo ń tẹ̀ yẹn, aago àtijọ́ ò kú, tuntun ló ń bá a lọ, nígbà tí mo fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin ìkéde kan ti ń jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ kan kọ ọ́ sí chat pé "Bùọ̀dá ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé mẹ́gáfóònù yẹn sílẹ̀." Àwọn ti London jáde.

Mo bá lọ bá àwọn tó ni plugin yìí lórí Discord wọn, ibi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ fi mí sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ní kí n fi log (àkọsílẹ̀ ohun tí server ṣe) ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, ó ní òun ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mo ní ẹ wo àwòrán tí mo yà. Ẹ mọ ohun tó sọ? Pé kí n kúkú kọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tó ye èèyàn. Mo ka èyí tán, iná lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo tẹ èsì kan lórí fóònù, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ ẹ́, mo pa á rẹ́, mo dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Aago kan òru, ẹlòmíì dá mi lóhùn. Ó kí mi ná. Ó wá bi mí: Windows ni àbí Linux? Java (ohun tí server fi ń ṣiṣẹ́) wo? Nínú àwọn fáìlì plugin, ṣé inú config.yml ni ọ̀rọ̀ yẹn wà àbí messages.txt? Mo ní Windows, Java 17, messages.txt. Ó ní kí n kọ ọ́ sí config.yml wò, mo kọ ọ́, ó jáde dáadáa! Ó ní ohun tó ṣe é nìyẹn, config.yml, server fúnra ẹ̀ ló ń kà á ní UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó mọ àmì Yorùbá), ṣùgbọ́n messages.txt, bí Windows ṣe ń ka tiẹ̀ ni plugin ń kà á, láti Java 18 ni UTF-8 ti di ti gbogbo ibi. Ó ní kí n fi -Dfile.encoding=UTF-8 sínú àṣẹ tó wà nínú start.bat, fáìlì tó ń tan server. Mo fi í sí ìparí, kò ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó gbọ́dọ̀ ṣáájú -jar, kí n sì pa server pátápátá, kí n má tẹ reload mọ́ láyé mi.

Ọba jáde, tòun ti àmì nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó wá bi mí pé kí ni Ojúde Ọba. Mo ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ń mọ́ bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí orúkọ kan tí mi ò mọ̀ tó wọlé, òun ni! Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò rìn, ó ń wo ẹṣin bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí wọn ò tíì tún reload yẹn ṣe, tick náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ láìsí àlàyé. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkan tó kù, kí ẹni tó ní ká kọ èdè tó ye èèyàn máa mú un lọ.